Kí ni "unsung" túmọ̀ sí, ta sì ni ó tọ́ sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde iléèwé kan ní Ṣágámù ni mí. A fẹ́ fi àwo ìdánilọ́lá ta màmá kan lọ́rẹ, àwọn ni wọ́n ń ta ẹ̀wà fún wa lẹ́nu ọ̀nà iléèwé nígbà tí a wà ní kékeré, wọn kì í sì í lé ọmọ tí kò lówó lọ́wọ́ padà. Mo kọ "Our Unsang Hero" sílẹ̀ fún ẹni tí yóò bá wa fín in sára àwo. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́. Ẹlòmíràn ní "heroine" ni ó yẹ. Ẹ̀kẹta bínú pé àbùkù ni, pé ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an, báwo ni mo sì ṣe lè lò ó tí ojú kò fi ní tì wá?

Ìdáhùn: Arábìnrin akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí wọ́n tó fín ọ̀rọ̀ náà, nítorí ohun tí a kọ sínú ìwé ṣeé pa rẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí a fín sára àwo yóò wà lára ògiri ilé màmá títí di ìgbà ọmọ-ọmọ wọn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí ó ń kán yín lójú. "Unsung" ni wọ́n ń kọ ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ń jẹ́ "unsang" nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni ẹni tí ó ṣe ohun tí ó tó yìn, tàbí iṣẹ́ tí ó tó yìn, tí a kò sì tíì yìn ní gbangba. Lóde òní kì í ṣe àbùkù fún ẹni tí a bá fi pè. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ń bá ẹnì kan wí, ẹ̀yin tí ẹ jẹ ẹ̀wà tí ẹ kò tíì kọrin ni ó ń bá wí, kì í ṣe màmá tí wọ́n se ẹ̀wà.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìjẹ̀bú-Òde kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ibi tí "unsang" yín ti wá. Etí wa ni ó kọ́kọ́ tàn wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ya "sung" àti "song" sọ́tọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá kò ní irú ìró tí ó wà láàárín "sung", nítorí náà ìró "ọ" ni a ń fi dípò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ "cup" di kọ́ọ̀pù tí a sì sọ "bus" di bọ́ọ̀sì. Nípa bẹ́ẹ̀, "sung" àti "song" di ọ̀kan náà lẹ́nu wa. Ẹni tí ó bá fi etí kọ ọ́ yóò kọ "unsong". Ẹni tí ó bá sì rántí pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni, tí ó wá a lọ sáàárín "sing" àti "sang", yóò mú èyí tí ó sún mọ́ ọn jù, yóò kọ "unsang" bí ẹ ti kọ ọ́. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni pé kí wọ́n fi "have" dán an wò. A kì í sọ pé "they have sang"; "they have sung" ni. Ohun tí ó bá lè tẹ̀lé "have" ni ó ń tẹ̀lé "un" nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ìdí nìyẹn tí a fi ní "unseen" tí a kò ní "unsaw", tí a ní "unspoken" tí a kò ní "unspoke", tí a sì ní "unwritten" tí a kò ní "unwrote". Ẹ dá a sọ ní ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kò ní ṣì í kọ mọ́.

Àṣìṣe kejì wà tí ó jinlẹ̀ ju ti lẹ́tà lọ. Ní ọdún kan, ọmọdékùnrin kan kọ ọ́ sínú ìwé àròkọ rẹ̀ pé "My father is an unsung hero because he does not sing." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín, n kò gbà fún wọn, nítorí ọmọ náà ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà tí ń lo ọ̀rọ̀ náà lójoojúmọ́ kò rí: ó rí i pé orin wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó yẹ kí ó kọ orin náà nìkan ni ó ṣì mú. Mo kọ "unpaid teacher" sójú pátákó, mo sì bi wọ́n léèrè bóyá olùkọ́ tí kò san owó ni tàbí olùkọ́ tí a kò san owó fún. Gbogbo wọn mọ èyí lójú ẹsẹ̀, nítorí àwọn òbí kan nínú wọn jẹ́ olùkọ́. Mo wá nu "paid" kúrò, mo fi "sung" rọ́pò rẹ̀, ọmọ náà sì fúnra rẹ̀ dìde, ó ní, "Sà, àwọn èèyàn ni kò kọrin fún un." Ohun tí ó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Owó iṣẹ́ ni orin jẹ́ nínú rẹ̀, a kò sì tíì san án.

Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ orin? Nígbà àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ìwé tó di ohun gbogbo ènìyàn, akéwì ni ó ń pa orúkọ akọni mọ́. "Scop" ni wọ́n ń pe irú akéwì bẹ́ẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Yóò jókòó sí gbọ̀ngàn ọba, yóò máa kọrin ẹni tí ó jagun àti ẹni tí ó ṣẹ́gun. Akọni tí kò bá bọ́ sẹ́nu akéwì ti kú lẹ́ẹ̀mejì. Ó pẹ́ tí a ti ń lo "unsung" fún orin fúnra rẹ̀ tí a kò tíì kọ: John Milton lò ó bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1667, nígbà tí ó ń sọ pé ìdajì ewì gígùn rẹ̀ ṣì kù tí òun kò tíì kọ. Ní ọdún 1805, Walter Scott, akéwì ilẹ̀ Scotland, to ọ̀rọ̀ mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn nínú ewì tirẹ̀: "unwept", "unhonoured", "unsung", ìyẹn ẹni tí a kò sunkún fún, tí a kò bu ọlá fún, tí a kò sì kọrin fún. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí ó kan ọmọ ẹgbẹ́ yín tí ó bínú. Kì í ṣe ènìyàn rere ni Scott ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ràn ilẹ̀ bàbá rẹ̀, tí ó mọ tara rẹ̀ nìkan, ni ó ń fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà gégùn-ún fún. Nítorí náà, ẹni tí ó ní àbùkù ni kò parọ́ pátápátá. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣe ègún rí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí "hero" ti di alábàárìn rẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà: ẹ̀bi aláìkọrin ni ó ń sọ lónìí, kò sọ àìyẹ ẹni tí a kò kọrin fún mọ́. Ẹ bá mi ṣàlàyé èyí fún un pẹ̀lú sùúrù.

Ohun kan wà tí ó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo ìyókù lọ. Ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò gbọ́ orin nínú "unsung" mọ́. Akéwì ààfin wọn ti di ìtàn, ọ̀rọ̀ náà sì ti di ihò tí ẹran ti jáde nínú rẹ̀. Àwa ni ẹran ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ọmọ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ kí ní oríkì ní òwúrọ̀, tí orí rẹ̀ wú, mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí a kọrin ẹni.

Ẹni tí ó bá sì ti lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Bí ìdílé Balógun kan bá gun ẹṣin dé iwájú ọba, onílù àti akígbe kò ní pe ẹni tí ó wà lórí ẹṣin nìkan. Wọn yóò pe bàbá rẹ̀, wọn yóò pe bàbá bàbá rẹ̀, títí ẹni náà yóò fi máa mi orí bí ẹni tí wọ́n ń bu omi tútù lé. Ní ọdún kan, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn ẹṣin ń gbà wọlé, ojú mi sì bọ́ sára ọkùnrin kan tí ó di ìjánu mú. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn. Itọ́ ẹṣin ti rin aṣọ rẹ̀ ní èjìká, okùn ìjánu ti fa ilà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bí ìbọn bá sì ti dún, yóò yára gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ etí ẹṣin náà, yóò máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí ó má baà ta, kí ó má gbé ẹni tí ó gùn ún ṣubú níwájú ogunlọ́gọ̀. Ìlù dún, oríkì dún, kò sì sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ ti ọkùnrin náà. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "unsung" nìyẹn. Kì í ṣe ẹni tí a kò mọ̀: ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹṣin mọ̀ ọ́n, ilé mọ orúkọ rẹ̀. Orin ni kò kàn án.

Èyí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ tún wà ní ilẹ̀ wa. Erédò Súngbọ́, yàrà àti òkìtì amọ̀ tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, gùn tó 160 kìlómítà, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì sì tó 20 mítà ní ibòmíràn. Orúkọ obìnrin kan ṣoṣo ni ó wà lára rẹ̀, Bílíkísù Súngbọ́, àwọn ènìyàn sì ń lọ ṣe àbẹ̀wò sí ibojì tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ tirẹ̀ ní Òkè-Ẹ̀rí títí di òní. Súngbọ́ ti gba orin tirẹ̀. Ẹni tí ó wa ilẹ̀ láìsí ẹ̀rọ, ẹni tí ó ru amọ̀ tútù gun òkìtì náà, kò gba tirẹ̀. Bí mo bá ń kọ̀wé nípa wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, "the unsung diggers of the Eredo" ni n ó kọ, n kò ní kọ "unknown", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mọ orúkọ wọn, nítorí ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé gbọ́ ni pé a jẹ wọ́n ní gbèsè.

Ibí yìí ni a ti máa ń ṣi "unsung" lò jù, tí a ń dà á pọ̀ mọ́ àwọn ìbátan rẹ̀. "Unknown" kò ní ìyìn nínú rárá; lórí rédíò wa a ń gbọ́ "unknown gunmen" lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé "unsung gunmen", nítorí a kò jẹ ajínigbé ní orin. "Overlooked" ni ohun tí ojú fò kọjá. Ó lè jẹ́ ènìyàn rere, ó sì lè jẹ́ àṣìṣe nínú ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́. "Underrated" ni ohun tí a wọ̀n, tí a sì wọ̀n kéré. Èyí tí ó sún mọ́ "unsung" jù ni "unappreciated", ìyàtọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì fún àwo yín. Ẹni tí ó jẹ́ "unappreciated" ni ẹni tí a kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá ẹlẹ́wà láìmọye ìgbà, ó dá mi lójú. Ọmọ tí ebi ń pa tí a bu ẹ̀wà fún kì í lọ láìṣe "ẹ ṣé, mà". Nítorí náà màmá kì í ṣe "unappreciated". Ìdúpẹ́ náà kò kàn tíì jáde kúrò lẹ́nu ọ̀nà iléèwé ni, kò tíì di ohun tí a sọ sí gbangba. "Unsung" bá wọn mu bí ìgbà tí a ránṣọ fún wọn.

Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, mo ti rí ibi tí wọ́n ti pè é ní "akọni tí a kò mọ̀" àti "akọni aláìlórúkọ". Èkíní sọ ọ́ di "unknown", èkejì sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí màmá yín ní orúkọ. Èyí tí mo fara mọ́ ni "akọni tí a kò kì". Ó mú orin tí ó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì náà dání, ó sì jẹ́ kí ó hàn pé àwa ni a kò kì í.

Ní ti bí a ṣe ń tò ó nínú gbólóhùn, iwájú ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó ti ń jókòó jù, bí ó ti wà nínú "unsung hero". Ó tún lè tẹ̀lé "go": "Her kindness went unsung for years." Kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ má ṣe kọ "we unsung her". Ẹ má sì fi "very" sí i. "Largely unsung" tàbí "long unsung" ni wọ́n ń sọ.

Àbá mi wà lórí "unsung hero" fúnra rẹ̀. Ó ti rẹ àpapọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí lọ́dọ̀ wa. Kò sí ìwé ètò ìsìnkú kan tí mo gbà ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ìkẹ́nnẹ́, tí a kò ti pe bàbá tàbí ìyá olóògbé ní "unsung hero", láìsọ ohun tí ó ṣe. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi kì gbogbo òkú kò kì ẹnì kankan. Ohun tí àwọn tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ dáadáa ń ṣe ni pé wọn a fi iṣẹ́ ẹni náà sí ẹ̀yìn "unsung". Ẹ rántí àìsàn Ebola tí ó wọ Èkó ní ọdún 2014. Gbogbo wa ni a ń kọrin Dókítà Ameyo Adadevoh, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó dá aláìsàn àkọ́kọ́ dúró, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan wà tí wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń wo ara àwọn 894 tí ó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn. Ìbẹ̀wò tí wọ́n ṣe tó 18,500. "The unsung contact tracers" sọ ohun tí wọ́n ṣe. "Unsung heroes" nìkan kò sọ ju pé wọ́n ṣe dáadáa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo rò pé ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yín kò tíì rò. Ní ọjọ́ tí ẹ bá gbé àwo fún màmá, tí ìlù dún, tí ẹ sì kọrin, ṣé wọ́n ṣì jẹ́ "unsung"? Ọ̀rọ̀ yìí ní àkókò nínú. Ní London ní ọdún 1952, ní abẹ́ àbójútó Rosalind Franklin, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, a ya àwòrán kan tí ó ṣe ìrànwọ́ ńlá láti mọ bí DNA, ohun inú ara tí ó ń gbé àbùdá láti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ṣe rí. Franklin kú ní ọdún 1958, nígbà tí ó sì di 1962, àwọn ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ DNA náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi pe Franklin ní "unsung", ó sì tọ́ nígbà náà. Lónìí, yunifásítì kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ ṣọ́ra á kọ "once unsung" tàbí "long unsung". Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ya àwòrán náà gan-an ni Raymond Gosling, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣì wà nínú ìtàn náà tí "unsung" tọ́ sí láìfi "once" kún un, òun ni. Bí orin bá ti dé orí ẹnì kan, ọ̀rọ̀ náà yóò ṣí lọ bá ẹni tí ó kàn.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ "our unsung hero" bí ẹni pé ipò tí màmá yóò wà títí ayé nìyẹn. Ní ti "hero" àti "heroine", méjèèjì ni ó tọ̀nà. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì òde òní ń lo "hero" fún obìnrin àti ọkùnrin, kò sì yẹ kí ẹgbẹ́ fi ìyẹn ja ìjà. Bí ó bá jẹ́ èmi, n ó fi méjèèjì sílẹ̀, n ó sì dárúkọ ẹ̀wà. Ẹ wo bí mo ṣe lè kọ ọ́:

"To our Mama, who fed us beans at the school gate whether or not we had money. Long unsung. Today we sing."

Lábẹ́ rẹ̀, ní Yorùbá, ẹ fín oríkì wọn sí i. Ẹ má ṣe dá a dá láti inú orí ara yín. Ẹ rán ẹnì kan sí àkọ́bí wọn, kí ó béèrè oríkì tí ìyá wọn ń fi kí wọn nígbà tí wọ́n wà ní ọmọdé àti oríkì ilé tí wọ́n ti wá, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pípé. Ìlà méjì ti tó. Ìlà méjì náà ni màmá yóò kọ́kọ́ kà, bí wọ́n bá sì mọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè wá padà sí ti òkè nígbà tí ara bá balẹ̀.

Kí ẹni tí yóò fín àwo náà tó gbé irin, ẹ ní kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sórí bébà fún yín, kí ẹ̀yin fúnra yín sì fi ìka ka lẹ́tà inú "unsung" lọ́kọ̀ọ̀kan: "u" méjì, "n" méjì, "s" kan, "g" kan. Bí ẹ bá rí "a" tàbí "o" níbẹ̀, ẹ dá a padà.